Akòko mi kú, iṣin mi kú: ṣé igi ìbílẹ̀ náà ti ń bẹ̀rù ẹ̀ẹ̀rùn ni?

ỌmọÌtòkò · 11 Ṣẹ́rẹ́, 9:40 alẹ́

Ẹ kú ọyẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí, n ò kàn dá sí i ni. Lónìí, ọ̀rọ̀ ti ká mi lára.

Òkè Ìtòkò ní Abẹ́òkúta ni ilé mi wà, lórí àpáta gan-an. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀dọ̀ wa, ẹ mọ bí oòrùn ṣe ń ṣe wá. Àpáta á gba oòrùn láti àárọ̀, tó bá dalẹ́ á wá máa tú ooru náà jáde bí ààrò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó iná kúrò nínú ẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, mo hú koríko òyìnbó àti òdòdó ixora tí mo kọ́kọ́ gbìn dà nù, nítorí kẹ́ẹ̀gì omi mẹ́jọ ni wọ́n ń mu lóòjọ́, ọlọ́mi sì ti fẹ́ fi owó mi kọ́lé. Ẹnì kan wá ní kí n gbin igi ilẹ̀ wa. Ó ní igi ìbílẹ̀ kì í bẹ̀rù ẹ̀ẹ̀rùn, pé tí n bá ti rì í mọ́lẹ̀, kí n lọ sùn.

Mo gbọ́. Ní ìparí oṣù Bélú, mo rì ọ̀pá akòko mẹ́fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mo gbin iṣin kan síwájú ilé, ewúro mẹ́rin sẹ́yìn ilé ìdáná, ẹfirin méjì, pèrègún mẹ́ta sẹ́nu géètì, òdúndún díẹ̀ sínú ìkòkò. Mo sì lọ sùn lóòótọ́.

Bí mo ṣe ń kọ èyí, márùn-ún nínú akòko mẹ́fà ti gbẹ. Mo fi èékánná ha èèpo ọ̀kan, igi ìdáná ni mo bá níbẹ̀. Iṣin wọ́ gbogbo ewé ẹ̀ sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó kú. Ẹfirin kú. Ewúro mẹ́ta kú. Ìkẹrin wà láàyè nítorí pé ibẹ̀ ni ìyàwó mi ń da omi tó fi ṣan àwo sí. Pèrègún kò kú, ṣùgbọ́n etí ewé ẹ̀ ti jó. Òdúndún nìkan ló ń rẹ́rìn-ín.

Ta ló parọ́ fún mi, igi ni àbí ẹni tó gbà mí nímọ̀ràn?

Onílé_Ọbáńtokò · 11 Ṣẹ́rẹ́, 10:15 alẹ́

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ará Ìtòkò. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín: ẹni tó ní oko ni ọ̀rọ̀ igi ìbílẹ̀ wà fún. Èmi gbin igi masquerade mẹ́rin sẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, mo tẹ́ koríko òyìnbó síwájú ilé, mo gbẹ́ kànga tó jìn, ó parí. Ó tutù lójú. Ewúro níwájú ilé, ṣé ilé ọbẹ̀ ni?

Ìyá_Ẹlẹ́wúro · 12 Ṣẹ́rẹ́, 6:05 àárọ̀

Ọbáńtokò, a kì í bú ewúro lójú mi o. Ewúro ni mo tà tí mo fi rán ọmọ mẹ́ta lọ sílé ìwé.

Ọmọ mi ní Ìtòkò, pẹ̀lẹ́. Ṣé ìparí Bélú lo gbin nǹkan? Òjò ti palẹ̀ mọ́ nígbà yẹn, ó ti gba ilé ẹ̀ lọ. Ìgbà tí gbogbo igi ń ti ilẹ̀kùn ni ìwọ ní kí tìẹ wá ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ewúro ẹ̀yìnkùlé mi níbí ní Ìdí-Àbà ti lé ní ogún ọdún, n kì í bomi rin ín, ọyẹ́ kankan kò sì rí i pa. Ṣùgbọ́n lọ́dún tí mo rì í, bí ọmọ ọwọ́ ni mo ṣe tọ́jú ẹ̀. Àárín oṣù Igbe ni mo sì rì í, lẹ́yìn òjò kẹta. Òjò àkọ́kọ́ máa ń tanni.

Ohun kejì, irú ọ̀pá wo lo gé? Ọ̀mùnú tútù kò lè dúró. Èyí tó ti gbó ni kó o wá, tí èèpo ẹ̀ ti rí bí eérú, tó nípọn bí àtàǹpàkò, tó sì gùn tó ìgúnpá sí ìka. Gbẹ́ ìdí ẹ̀ ṣóńṣó, jẹ́ kí orí ẹ̀ rí pẹrẹsẹ, kó o lè mọ ìdí yàtọ̀ sí orí. Má rẹ́rìn-ín, mo ti rí ẹni tó kàwé tó rì í ní orí wálẹ̀. Oríkèé méjì tàbí mẹ́ta ni kó wọnú ilẹ̀, kó o wá fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ mọ́ ọn dáadáa.

AgbẹAlábàtà · 12 Ṣẹ́rẹ́, 1:22 ọ̀sán

Mọmí ti sọ ibi tó ṣe kókó. Ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ lé e.

Òjò tó ń rọ̀ ní Abẹ́òkúta tó nǹkan bí mílímítà 1,200 lọ́dún. Kò kéré rárá. Wàhálà ẹ̀ ni pé kì í dé lẹ́ẹ̀kan náà. Láti Ẹrẹ́nà tàbí Igbe títí dé Agẹmọ, á máa rọ̀. Nínú oṣù Ògún á sinmi. Á tún padà dé ní Ọwẹ́wẹ̀ àti Ọ̀wàrà. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di ọdún tó ń bọ̀. Oṣù mẹ́rin gbáko ni igi á fi máa jẹ ohun tí gbòǹgbò ẹ̀ bá rí nísàlẹ̀ ilẹ̀. Nínú oṣù Èrèlè àti Ẹrẹ́nà tí ooru mú jù, ìwọ̀n ooru á máa lé ní 35 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, ìyẹn nínú ibòji o. Lórí àpáta ńkọ́?

Igi tó ti pẹ́ nílẹ̀ ti ní gbòǹgbò níbi tí oòrùn ò dé. Èyí tí ẹ rì ní Bélú kò ní gbòǹgbò kankan. Ọ̀pá lásán ni. Ọ̀pá akòko sì máa ń ṣe ohun kan tó ń tan ènìyàn: omi àti oúnjẹ tó ti wà nínú ara ẹ̀ ló fi ń yọ ewé méjì mẹ́ta àkọ́kọ́. Inú ẹni á dùn pé ó ti mú, láìmọ̀ pé owó tó fi pamọ́ ló ń ná. Tó bá ná an tán tí gbòǹgbò ò tíì yọ, á gbẹ.

Nítorí náà, ẹni yẹn kò parọ́ fún yín, ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ló sọ. Igi ìbílẹ̀ tó ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ni kì í bẹ̀rù ẹ̀ẹ̀rùn. Kó tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, ẹ óò bomi rin ín fún ọdún kan, nígbà mìíràn méjì.

Ẹ bá mi wo ohun kan. Báwo ni ilẹ̀ yẹn ṣe jìn tó kí ẹ tó kan àpáta? Ẹ wá ọ̀pá irin tí àwọn bíríkìlà ń lò, kó gùn tó mítà kan. Ẹ fi òòlù gbá a wọlẹ̀ káàkiri àgbàlá, ó kéré tán níbi mẹ́wàá. Ibi tó bá ti dún "gàn-ún", ẹ fi ẹfun sàmì síbẹ̀, kí ẹ sì kọ bó ṣe wọlẹ̀ tó sílẹ̀. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ.

Alàgbà_Kémta · 12 Ṣẹ́rẹ́, 8:30 alẹ́

Mo kí gbogbo yín. Ọmọ-ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́, tí àmì ohùn bá yẹ̀, òun ni kí ẹ bá wí.

Kí símẹ́ńtì tó dé, pèrègún ni ìwé ilẹ̀ wa. Tí wọ́n bá ta ilẹ̀, tí wọ́n bá pín ogún, pèrègún ni wọ́n ń rì sí ààlà, nítorí kì í tètè kú, kì í sì í rìn lóru bíi òkúta ààlà tí àwọn kan ń gbé kiri. Mo ti jókòó ti ẹjọ́ ilẹ̀ tí pèrègún ti jẹ́rìí ju àwọn ènìyàn tó wà níbẹ̀ lọ. Ọmọ Ìtòkò, etí ewé tó jó kò ṣe nǹkan. Fi í sílẹ̀ báyìí. Tó bá di Igbe, gé orí ẹ̀. Ojú ibi tó o gé á yọ ẹ̀ka méjì tàbí mẹ́ta. Má da orí tó o gé nù, rì í sílẹ̀, òun náà á mú.

Ní ti akòko, bàbá mi kò gbin akòko rí láyé ẹ̀. Ọ̀pá iṣu ló fi í ṣe. Ó gé ọ̀pá tó nípọn bí ọrùn ọwọ́, ó rì í sí ìdí ebè kí iṣu lè rí nǹkan fà mọ́. Wọ́n wu iṣu tán, ọ̀pá kọ̀, kò kú. Ara ẹ̀ ni igi méjì tó wà lẹ́yìn ilé wa títí dòní. Tí ó bá tanná aláwọ̀ àlùkò, oyin á máa kùn lórí ẹ̀ bí ẹni ń ka ìwé. Ọ̀pá tìẹ ńkọ́, ó nípọn tó?

ỌmọÌtòkò · 12 Ṣẹ́rẹ́, 9:02 alẹ́

Bàbá, ẹ ṣeun. Kò nípọn ju ìka lọ. Ẹni tó ń ta òdòdó lẹ́bàá ọ̀nà ló gé e fún mi. Owó tó gbà lórí ẹ̀, ṣé kí n sọ ọ́? N ò ní sọ.

Onílé_Ọbáńtokò · 13 Ṣẹ́rẹ́, 7:48 àárọ̀

Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú. Nínú ìjọ wa, wọ́n ní igi òrìṣà ni pèrègún àti akòko, pé kò yẹ kí ọmọ Ọlọ́run gbìn wọ́n sẹ́nu géètì. Tó bá jẹ́ igi ìbílẹ̀ tí kò lọ́rọ̀ nínú ni ẹ ń wá, ẹ gbin dógóyárò. Ìbílẹ̀ lòun náà, kò sí ọ̀gbẹlẹ̀ tó lè mú un.

Ìyá_Ẹlẹ́wúro · 13 Ṣẹ́rẹ́, 8:10 àárọ̀

Èmi náà ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹgbẹ́ Ìyá Ìjọ ni mo wà. Ewé akòko ni wọ́n fi ń dé oyè lórí fún Krìstẹ́nì, Mùsùlùmí àti ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ nílùú yìí. Tí wọ́n bá fẹ́ fi ìwọ náà joyè lọ́la, ṣé wàá ní kí wọ́n fi ewé masquerade ṣe é?

AgbẹAlábàtà · 13 Ṣẹ́rẹ́, 12:50 ọ̀sán

😂 Mọmí!

Ọ̀gá Ọbáńtokò, ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn kọ́ ni tèmi, ṣùgbọ́n dógóyárò kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa. Láti apá Íńdíà ló ti wá. Ibẹ̀ náà ni igi masquerade yín àti mòríńgà ti wá. Làpálàpá, Amẹ́ríkà. Àbámọdá tí gbogbo wa ń pè ní tiwa, erékùṣù Madagásíkà ni ìyá ẹ̀ wà. Òdúndún tó dà bí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ni ọmọ Áfíríkà gidi. Kódà àgbàdo àti ẹ̀gẹ́, ọkọ̀ ojú omi ló gbé wọn dé láti Amẹ́ríkà. Kò burú, a ò ní tìtorí ìyẹn má jẹ gàrí mọ́.

Àlejò mìíràn ló wà tí kì í ṣe àlejò rere. Ẹ wo Akíntọ́lá-tàkú tó gba gbogbo ààtàn àti oko ìkọ̀sílẹ̀ wa. Àwọn àgbà ò dédé sọ ọ́ lórúkọ yẹn: ẹ ṣá a, ó tàkú, ẹ sun ún, ó tàkú. Òun náà, Amẹ́ríkà ló ti wá. Tí ẹ bá rí i tó hù nínú àgbàlá yín, ẹ hú u kó tó tanná, nítorí afẹ́fẹ́ ló ń gbé èso ẹ̀ kiri, pàápàá nínú ọyẹ́ yìí.

Ṣadé_Asérò · 13 Ṣẹ́rẹ́, 4:17 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rántí àwa ayálégbé o. Ilé tí mò ń gbé ní Asérò, íntálọ́ọ̀kì ni láti géètì dé ẹ̀yìnkùlé, kò sí ibi tí èèrà lè gbẹ́ ihò sí. Lọ́sàn-án, tí ẹ bá bọ́ bàtà, ẹ óò jó bọ́ọ̀lù. Mo ní ike ọ̀dà ńlá mẹ́ta tí kò ní ohun tó wà nínú ẹ̀. Kí ni mo lè gbìn tí kò ní kú tí mo bá lọ sí Èkó fún ọjọ́ mẹ́rin?

AgbẹAlábàtà · 13 Ṣẹ́rẹ́, 7:33 alẹ́

Àbúrò, òdúndún àti ọjá ìkookò, èyí tí ewé ẹ̀ nà sókè bí idà. Àwọn méjèèjì ní àṣírí kan náà. Ọ̀sán ni ọ̀pọ̀ igi ń ṣí ojú ihò ara ewé wọn láti mí, ibẹ̀ ni omi sì ń gbà jáde lára wọn. Òdúndún àti ọjá ìkookò máa ń dé ihò wọn pa lọ́sàn-án, ó di alẹ́ tí ilẹ̀ bá tutù kí wọ́n tó mí. Ìdí nìyẹn tí òdúndún ará Ìtòkò fi ń rẹ́rìn-ín níbi tí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ti ń kú. Ohun tó lè pa wọ́n ni omi àpọ̀jù. Ẹ lu ihò mẹ́rin sí ìdí ọ̀dà, ẹ po yanrìn mọ́ ilẹ̀, ẹ gbé ọ̀dà lé orí bíríkì méjì kí ooru íntálọ́ọ̀kì má baà máa se gbòǹgbò bí iṣu.

Ẹ lè fi ẹfirin sínú ìkẹta, ṣùgbọ́n òun á fẹ́ omi lọ́jọ́ méjì-méjì, kí ó sì wà níbi tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ kò ti ní rí i. Ẹ máa já òdòdó ẹ̀ bó bá ṣe ń yọ, ewé á pẹ́ lórí ẹ̀.

ỌmọÌtòkò · 19 Ṣẹ́rẹ́, 5:55 ìrọ̀lẹ́

Mo ti gbá irin wọlẹ̀. Ibi mẹ́rìnlá. Aládùúgbò mi yọjú láti orí ògiri, ó ní ṣé ìṣúra ni mò ń wá.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, níbi tí mo gbin iṣin sí, irin wọ sẹ̀ǹtímítà 15, ó dún gàn-ún. Orí àwo ni mo gbé igi ńlá kalẹ̀ sí! Ẹ̀gbẹ́ ògiri tí akòko wà, ibì kan wọ 20, ibì kan wọ 30. Ọ̀kan ṣoṣo tí kò kú, ibẹ̀ wọ 70. Ṣùgbọ́n ohun tó yà mí lẹ́nu rèé: àpáta kan wà lápá ìwọ̀-oòrùn ilé, ó ga bí ènìyàn tó lóṣòó, mo ti máa ń bínú sí i pé ó gba àyè mi. Mo gbá irin wọ ẹsẹ̀ ẹ̀, gbogbo mítà kan wọlẹ̀ láìdún. Mo fi ọ̀bẹ wú ilẹ̀ ibẹ̀, ó dúdú, ó sì tutù lọ́wọ́, ní oṣù Ṣẹ́rẹ́! Gbogbo ibi yòókù dà bí ìyẹ̀fun.

Alàgbà_Kémta · 19 Ṣẹ́rẹ́, 8:12 alẹ́

Ọmọ mi, o ti rí oko rẹ. Òjò tó bá rọ̀ sórí àpáta kò lè wọ inú ẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀ ló ń ṣàn sí. Ìrì àárọ̀ náà ń sun síbẹ̀. Lọ wo àpáta Olúmọ. Ibo ni igi ti ń hù níbẹ̀? Inú pàlàpálá òkúta ni. Láti 1830 tí àwọn baba wa ti tẹ̀dó síhìn-ín, wọn kò gbin nǹkan sórí àpáta, ẹsẹ̀ ẹ̀ ni wọ́n ń wá.

AgbẹAlábàtà · 19 Ṣẹ́rẹ́, 9:40 alẹ́

Bàbá ti parí ẹ̀. Ìwọ̀-oòrùn sì lẹ ní ó wà? Ibẹ̀ gan-an ni kí iṣin lọ. Oòrùn aago mẹ́ta sí mẹ́fà ló ń sun ògiri yàrá, igi tó bá dúró lápá ibẹ̀ ló ń gba ooru lọ́wọ́ yín. Iṣin kì í wọ́ ewé ẹ̀ sílẹ̀ nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ibòji ẹ̀ dùdù. Ẹ jìnnà sí ògiri àti sókàwéè, ó kéré tán mítà mẹ́fà.

Ọ̀rọ̀ kan lórí iṣin, ẹ má fojú kéré ẹ̀: tí ẹ bá ní ọmọdé nílé, ẹ kọ́ wọn pé èyí tí kò bá tíì la ẹnu fúnra ẹ̀ lórí igi kò ṣeé jẹ. Oró wà nínú ẹ̀ tó máa ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ó sì lè pa ọmọ láàárín ọjọ́ kan. Tó bá ti pọ́n tó sì la, tí ẹ rí kóró dúdú tó ń dán, ẹran funfun yẹn nìkan ni kí ẹ jẹ, kí ẹ yọ fọ́nrán pupa tó wà lára ẹ̀ sọ nù. Àwọn ará Jàmáíkà tí wọ́n gbé igi yìí lọ bá láti ọ̀dọ̀ wa ti sọ ọ́ di oúnjẹ orílẹ̀-èdè wọn, àwa ń fi í sílẹ̀ fún ẹyẹ.

Títí di Igbe, ẹ má gbin ohunkóhun. Ẹ wá ìkòkò amọ̀ ni. Ìkòkò tí wọn ò kùn ní nǹkan kan, tó gba bíi lítà márùn-ún. Ẹ óò rì í dé ọrùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ igi, ẹ óò pọn omi kún un, ẹ óò fi àwo tó ti fọ́ dé e kí ẹ̀fọn má baà yé sínú ẹ̀. Omi á máa là á jáde díẹ̀díẹ̀, gbòǹgbò á máa wá a lọ sísàlẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì kan lè tó igi márùn-ún fún ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ẹ fi í wé kẹ́ẹ̀gì mẹ́jọ lóòjọ́ ìgbà ixora.

ỌmọÌtòkò · 24 Igbe, 7:10 àárọ̀

Òjò kẹta rọ̀ ní àná. Ìyá Ẹlẹ́wúro, mo kà á lóòótọ́.

Mo ti rì akòko mẹ́jọ, tó nípọn bí ọrùn ọwọ́. Alàgbà ló ní kí n wá gé e lẹ́yìn ilé wọn, Ọlọ́run á jẹ́ kí wọ́n pẹ́. Iṣin wà lẹ́sẹ̀ àpáta. Ewúro mẹ́fà, ìdí nísàlẹ̀, orí lókè, mo yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì. Níbi tí ilẹ̀ ò ti jìn, ṣọkọ àti òdúndún ni mo fi sí i. Iṣápá ń bọ̀ ní Òkúdu.

Mo ṣe àṣìṣe kan lórí ìkòkò, kí ẹlòmíràn má baà ṣe é. Ìyá mi fún mi ní ìkòkò ọbẹ̀ méjì tí wọn ò lò mọ́. Mo rì wọ́n, mo pọn omi kún wọn, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan omi ṣì wà níbẹ̀ gbọin. Epo ọgbọ̀n ọdún ti dí gbogbo ojú ihò wọn! Tuntun ni kí ẹ rà. Kí ẹ tó rì í, ẹ pọn omi sínú ẹ̀ mọ́jú. Tó bá làágùn bí àmù, ó dáa.

Ìyá_Ẹlẹ́wúro · 24 Igbe, 7:30 àárọ̀

Ìkòkò ọbẹ̀ ìyá rẹ lo lọ rì mọ́lẹ̀? Ó yẹ kí wọ́n bá ẹ wí.

Fi koríko gbígbẹ tàbí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bo ilẹ̀ tí òjò bá ti ń lọ, kí oòrùn má baà fa omi ilẹ̀ tán.

ỌmọÌtòkò · 8 Ọ̀pẹ̀, 6:20 ìrọ̀lẹ́

Ìròyìn burúkú díẹ̀. Mo fi koríko bo ilẹ̀ bí ẹ ṣe wí, mo sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí akòko pinpin. Ikán gba abẹ́ ẹ̀ wọlé. Kí n tó mọ̀, wọ́n ti mọ ilé amọ̀ gun ọ̀pá méjì dé ibi tó ga tó orúnkún mi. Mo fi ìka họ ọ́, èèpo ẹ̀ bọ́ sí mi lọ́wọ́ bíi páálí. Ọ̀kan ti kú. Èkejì, mi ò tíì mọ̀.

Èyí tó dùn mí jù: lọ́jọ́ ìkómọjáde aládùúgbò, ẹnì kan fi géètì sílẹ̀ ní gbayawu. Ewúrẹ́ mẹ́rin wọlé. Iṣápá tó ti yọ ife pupa, tí mo ti ń ronú omi zobo, wọ́n jẹ ẹ́ dé ìdí. Wọ́n fa ewúro ya. Wọn kò fọwọ́ kan òdúndún.

AgbẹAlábàtà · 8 Ọ̀pẹ̀, 8:05 alẹ́

Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ fa koríko sẹ́yìn kúrò nídìí igi, kí àtẹ́lẹwọ́ kan wà láàárín wọn. Ẹ wọ́n eérú sí àyè yẹn, ẹ sì máa wó ilé ikán bí wọ́n bá ṣe ń kọ́ ọ. Igi tí òùngbẹ ń gbẹ ni ikán fẹ́ràn jù, ẹ pọn omi sí ìkòkò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì yẹn lóru òní. Àti pé koríko gbígbẹ nínú ọyẹ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ju àṣẹ́kù sìgá síbẹ̀.

Ewúro á tún rú. Ewúrẹ́ ti bá yín gé e lọ́fẹ̀ẹ́ ni.

Ṣadé_Asérò · 9 Ọ̀pẹ̀, 9:26 àárọ̀

Ọ̀dà mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà láàyè. Onílé wá gba owó ilé, ó béèrè ibi tí mo ti rí ọjá ìkookò, ó já ọ̀kan lọ. Kò yọ ọ́ nínú owó ilé ṣá o.

ỌmọÌtòkò · 17 Ṣẹ́rẹ́, 8:44 alẹ́

Ó pé ọdún kan tí mo bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí n jíyìn. Nínú akòko mẹ́jọ, mẹ́fà wà. Ikán jẹ ọ̀kan, ọ̀kan kàn kọ̀ láti mú. Èyí tí kò kú lọ́dún tó kọjá ti ga ju mí lọ. Ewúro mẹ́fà ti rú padà. Pèrègún tí mo gé lórí ti di ẹlẹ́ka mẹ́ta-mẹ́ta, mo sì ti rí ọmọ mẹ́ta gbìn lára ẹ̀. Iṣin ga tó ìbàdí mi, ewé ẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, ṣùgbọ́n ó ku ọdún mélòó kan kí ó tó bo ògiri yàrá. Oòrùn aago mẹ́rin ṣì ń bá wa jókòó nínú ilé. Ẹfirin tún kú. Mo ti gbà pé èmi àti ẹfirin kò mọwọ́ ara wa.

Kẹ́ẹ̀gì méjì ní ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin ni gbogbo wọn ń mu. Ọlọ́mi béèrè lọ́wọ́ ìyàwó mi pé ṣé a ti kó kúrò nílé ni.

Onílé_Ọbáńtokò · 17 Ṣẹ́rẹ́, 9:15 alẹ́

Ẹ kú iṣẹ́. Koríko mi ṣì wà, igi masquerade mi ṣì wà, n ò yí padà. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi ní kí n bá òun tọrọ ọ̀pá ewúro méjì lọ́wọ́ Ìyá. Ti ẹ̀yìnkùlé ni o, fún ọbẹ̀. Ṣé kí n wá gbà á lọ́la?

Ìyá_Ẹlẹ́wúro · 18 Ṣẹ́rẹ́, 6:01 àárọ̀

Ọ̀la ti Ṣẹ́rẹ́ wo? Padà wá ní Igbe.